Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé, Iṣẹ́ Tí Ó Ti Di Ti Gbogbo Ènìyàn, àti Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Ṣe Eré Sinimá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Ohun tí alága ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe ohun tí a sábà máa ń sọ nínú gbọ̀ngàn yìí. A ti sọ̀rọ̀ lórí èdè wa, lórí orúkọ wa, àti lórí aṣọ wa. Ti òní dá lórí òfin, ó sì kan àwọn ọmọ wa tí ń ṣe eré sinimá láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn: àwọn tí ń fi owó ara wọn àti owó ẹbí ra ohun èlò, tí ń yá aṣọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tí wọ́n sì ń fi àgbàlá bàbá wọn ṣe ààfin ọba. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ṣe eré, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé, níbo ni n ó ti rí ìtàn tí n kò ní san owó lé lórí? Ìbéèrè kejì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bi ara wọn títí ìwé agbẹjọ́rò yóò fi dé, ni pé, ta ni ó ni ìtàn tí mo mú yìí?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ju àwọn ìjòyè lọ. Bí àlejò bá fẹ́ dá oko sí ilẹ̀ ìdílé kan, yóò tọ olórí ìdílé lọ, wọn yóò fi ààlà hàn án, yóò sì máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ọpọlọ rí bẹ́ẹ̀ lójú òfin. Ẹni tí ó kọ ìwé, tàbí tí ó ṣe orin, tàbí tí ó ya àwòrán, òun ni ó ni ilẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, tàbí tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di eré, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì san ohun tí àwọn méjèèjì bá fẹnu kò sí. Kò dìgbà tí òǹkọ̀wé bá lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kankan. Ní kété tí ó bá ti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, tàbí tí ó ti gbà á sínú ẹ̀rọ, ẹ̀tọ́ náà ti wà.

Ibi tí ilẹ̀ àti ìwé ti yà nìyí: ẹ̀tọ́ ìdílé lórí ilẹ̀ kì í ní òpin, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ lórí ìwé a máa tán. Òfin fún òǹkọ̀wé ní iye ọdún kan. Bí ọdún náà bá pé, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ ìdílé, ó di ti gbogbo ayé, bí odò ẹ̀yìn ìlú tí ẹnikẹ́ni lè gbé ìkòkò lọ pọn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní 1710, ọdún 14 péré ni wọ́n fún òǹkọ̀wé, pẹ̀lú 14 mìíràn bí ó bá ṣì wà láàyè. Láti ìgbà náà ni iye náà ti ń gùn sí i. Ní Nàìjíríà, òfin tí a ń lò nísinsìnyí ni ti 2022, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ó fún ìwé àti orin ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é, láti òpin ọdún tí ó kú ni a sì ti ń kà á. Ó fún eré sinimá àti àwo orin ní 50 ọdún láti òpin ọdún tí a kọ́kọ́ gbé wọn jáde fún aráyé.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ díwọ̀n rẹ̀. D. O. Fágúnwà fi ayé sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1963. Ìwé rẹ̀ tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1938 ti gbó lójú wa, a kà á ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ wa kà á, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ ni ó ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ títí di òpin 2033. Hubert Ògúndé kú ní 1990. Iṣẹ́ tí ó kọ wà lábẹ́ òfin títí di òpin 2060. Amos Tutùọlá kú ní 1997. Tirẹ̀ di òpin 2067. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé, “Ìwé náà ti pẹ́,” tàbí pé, “Wọn kì í tà á mọ́ ní ọjà.” Òfin kò béèrè bí ìwé ti gbó tó. Ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni ó ń béèrè.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ẹni tí ń ṣe sinimá mọ̀, tí yóò sì dùn mọ́ ọn láti mọ̀: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ní oní-nǹkan, ọ̀rọ̀ tí a fi sọ ọ́ ni ó ní. Ìlú Ọ̀yọ́ fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ. Lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944, ọ̀ràn Ẹlẹ́ṣin ọba ṣẹlẹ̀, tí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dá sí i, tí ó sì di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń sọ. Dúró Ládípọ̀ fi ọ̀ràn náà ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964. Wọlé Ṣóyínká fi ọ̀ràn kan náà kọ Death and the King's Horseman ní 1975. Kò sí ẹni tí ó jí nǹkan ẹnìkejì nínú àwọn méjèèjì, nítorí pé láti inú ìtàn ìlú ni olúkúlùkù wọn ti mú tirẹ̀. Nígbà tí Bíyì Bándélé fẹ́ ṣe sinimá Ẹlẹ́ṣin Ọba tí ó jáde ní 2022, ìwé Ṣóyínká ni ó gbé lé iwájú, nítorí náà ẹ̀tọ́ Ṣóyínká wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan láti Ọ̀yọ́ bá jí ní ọ̀la, tí ó tọ àwọn àgbà lọ, tí ó ka ìwé ìròyìn ìgbà náà, tí ó sì kọ eré tirẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ gbólóhùn Ṣóyínká kan ṣoṣo tí ó gbajúmọ̀ lẹ́nu òṣèré rẹ̀, ó ti kọjá ààlà.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Ṣàngó. Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀, tí wọ́n gbé lọ sí Berlin ní 1964 tí àwọn òyìnbó dìde dúró fún, kì yóò bọ́ títí di òpin 2048, nítorí 1978 ni Ládípọ̀ kú. Ṣùgbọ́n Ṣàngó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti Ládípọ̀. Ọbáfẹ́mi Láṣọ̀de ṣe sinimá tirẹ̀ ní 1997, àyè sì wà fún ẹlòmíràn. Níbo ni ẹni náà yóò ti bẹ̀rẹ̀? Yóò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìwé yìí. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, nígbà tí ó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn tí ó ti bá àwọn arọ́kin jókòó, tí ó sì ti rin láàárín àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí àwọn fi í sí. Johnson kú ní 1901 láìrí ìwé náà. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àjákù àti àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù jọ, ó sì tún un kọ. Ní 1916 ó tún fi í ránṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú agbami, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí àwọn ìwé náà tó padà wá. Dókítà náà kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti sùn. Bí a bá ka 70 ọdún láti ikú àbúrò, yóò jẹ́ òpin 1990. Láti ìgbà náà, ìwé yìí ti di tiwa lápapọ̀. Ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin yòówù lè mú Baṣọ̀run Gáà nínú rẹ̀, tàbí Kúrunmí, tàbí Àfọ̀njá, kí ó sọ ọ́ di sinimá, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìrìn-àjò ìwé náà fúnra rẹ̀ pàápàá tó eré ṣe, ó sì yà mí lẹ́nu pé n kò tíì rí ẹni tí ó mú un.

Lẹ́tà kan tún wà tí Àjàyí Crowther kọ ní 1837, nínú èyí tí ó ròyìn bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, bí wọ́n ṣe tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, àti bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà á sílẹ̀ ní 1822. A tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1842. Crowther kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Kò sí ẹni tí ó lè gba kọ́bọ̀ lórí lẹ́tà náà mọ́, ó sì kún fún ohun tí òǹkọ̀wé eré kò lè fi ọpọlọ ara rẹ̀ dá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí pé ìwé ti di ti gbogbo ayé, òtítọ́ ni ó ń sọ. Leo Frobenius ará Jámánì wá sí Ifẹ̀ ní 1910, ó rí iṣẹ́ ọnà àwọn baba wa, ó sì kọ ọ́ pé ìran àjèjì kan láti Atlantis ni ó fi í sílẹ̀. Ó kú ní 1938. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ọ̀fẹ́ náà, kí ó mọ ohun tí ó ń kó.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Iṣẹ́ kan lè ní ìpele lórí ìpele, kí ìpele ìsàlẹ̀ ti bọ́, kí ti òkè ṣì wà lọ́wọ́ oní-nǹkan. Bí 2034 bá dé, èdè Yorùbá Fágúnwà yóò di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Ṣóyínká ṣe ní 1968 yóò ṣì jẹ́ ti Ṣóyínká. Orin náà bẹ́ẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọrin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ó kú ní 1930. Orin tí ó ṣe ti bọ́ ní òpin 2000, àwo náà ti bọ́ ṣáájú, ní Amẹ́ríkà pàápàá gbogbo àwo tí ó jáde ṣáájú 1923 ti di ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ kìíní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ akọrin kan bá kọ orin rẹ̀ ní èṣí, tí wọ́n gbà á sínú ẹ̀rọ, àwo tuntun yẹn jẹ́ tiwọn. Ẹni tí ń ṣe sinimá lè kó akọrin tirẹ̀ jọ kí wọ́n kọ orin náà lọ́tun. Kò lè mú ohùn àwọn ẹlòmíràn láìbéèrè. Bí àwo tí ó gbayì lórí rédíò bá wọ inú eré rẹ̀, àní kí ó jẹ́ ìṣẹ́jú kan, àwọn tí ń ra eré fún ilé tẹlifíṣọ̀n yóò béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, bí kò bá sì sí, wọn yóò dá eré náà padà fún un.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú ọ̀ràn yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1922, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Jámánì, Prana-Film, mú ìwé Dracula tí Bram Stoker kọ ní 1897, wọ́n sọ ọ́ di sinimá tí wọ́n pè ní Nosferatu. Stoker ti kú ní 1912, ṣùgbọ́n opó rẹ̀ wà láàyè. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yí orúkọ ìlú padà, wọ́n yí orúkọ òkú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ náà padà, wọ́n sì rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ẹṣin oníẹṣin tí ó kùn ún ní ẹfun, ẹsẹ̀ ẹṣin náà kò yí padà. Opó náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Gbèsè ti pa ilé-iṣẹ́ náà kí ẹjọ́ tó parí, obìnrin náà kò rí owó gbà. Ní 1925 ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà sinimá náà. Díẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iná ní ìlú òkèèrè, òun ni a ń wò lónìí. Nígbà tí Werner Herzog tún ìtàn náà ṣe ní 1979, ó lo orúkọ Dracula gan-an, nítorí pé ẹ̀tọ́ ìdílé Stoker ti tán. Ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún tí ènìyàn kò lè dúró dè lè sọ iṣẹ́ rere di ohun tí a ń sun níná.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí. Ní 1968, George Romero àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh fi nǹkan bí dọ́là 114,000 ṣe Night of the Living Dead. Òfin ibẹ̀ nígbà náà ní kí gbogbo iṣẹ́ tí a bá gbé jáde gbé àmì ẹ̀tọ́ oní-nǹkan lójú. Wọ́n fi àmì náà sí abẹ́ orúkọ tí sinimá náà kọ́kọ́ ń jẹ́. Àwọn tí ń pín in fún ilé sinimá yí orúkọ náà padà, wọ́n gé àmì náà dànù pẹ̀lú orúkọ àtijọ́, wọn kò sì rántí fi òmíràn sí i. Ní ọjọ́ tí ó jáde ni ó ti di ti gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn tà á káàkiri, àwọn tí ó ṣe é ń wò. Òfin Amẹ́ríkà kò béèrè àmì náà mọ́ láti 1989, tiwa kò sì béèrè rẹ̀ kí ẹ̀tọ́ tó wà. Síbẹ̀ kí ọ̀dọ́ wa kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí ojú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Mo fi kún un pé òfin ilẹ̀ kan kò dé ilẹ̀ kejì. Ohun tí ó ti bọ́ ní Èkó lè má tíì bọ́ ní New York. Níbẹ̀, ìwé àtijọ́ ni a ń ka 95 ọdún fún láti ọdún tí a tẹ̀ ẹ́. Gbogbo èyí tí ó jáde ní 1929 àti ṣáájú rẹ̀ ti bọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí eré rẹ̀ rékọjá òkun, kí ó wádìí ìlú tí ó ń gbé e lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ̀yin Kábíyèsí àti ẹ̀yin ìjòyè, ó kù apá tí ó kàn yín jù. Ti oríkì ń kọ́? Ti ẹsẹ Ifá, ti ìjálá, ti ijó àti ìlù, ti ère gbígbẹ́? Kò sí òǹkọ̀wé tí a lè ka ọdún ikú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ àgbà sì rò pé ìlú lè fi òfin dè é pátápátá. Òfin Nàìjíríà kò gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún òwò, tàbí ní ibi tí kì í ṣe ibi tí àṣà ti ń lò ó, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, àti fún ẹni tí ó bá yá díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ tuntun tirẹ̀, bí ó bá ṣe é bí ọmọlúwàbí. Ó sì pàṣẹ pé kí a dárúkọ ìlú tàbí àwọn ènìyàn tí a ti mú un.

Ohun tí n kò fara mọ́ nínú òfin yìí ni pé ọwọ́ Àjọ tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Àbújá ni ó fi àṣẹ náà sí, kò fi í sí ọwọ́ ìlú. Ará Òṣogbo tí ó ni ọdún rẹ̀ kò ní ohùn nínú àṣẹ tí a ń fún àjèjì lórí rẹ̀. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bí agbára náà bá dé ọwọ́ ìlú, kí a má sọ ọ́ di owó ibodè. Ọmọ tí ó mú oríkì ìlé baba rẹ̀ wọ inú sinimá, ṣé òun ni a ó dá dúró ní ẹnu ibodè, tí àwọn àjèjì tí ó ní agbẹjọ́rò yóò sì kọjá? Dídárúkọ ìlú ni kí a kọ́kọ́ dúró lé. Mo ti wo eré púpọ̀ tí a ti ń ki oríkì Ìkòyí, tí a kọ orúkọ aṣerunlóge àti ti awakọ̀ sí ìparí eré, tí a kò dárúkọ Ìkòyí.

Ìdílé àwọn òǹkọ̀wé pàápàá ní iṣẹ́ láti ṣe. Túndé Kèlání fi hàn wá pé ohun rere lè ti inú àjọṣe òǹkọ̀wé àti aṣesinimá jáde: Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá di sinimá ní 1997, Magun ti Adébáyọ̀ Fálétí ní 2001. Nígbà náà òǹkọ̀wé wà láàyè, a mọ ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú ńkọ́? Ọ̀dọ́ kan fẹ́ san ìṣákọ́lẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Ọmọ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn wà ní Ìbàdàn, ẹnìkẹta fọwọ́ sí ìwé láìsọ fún àwọn méjì yòókù, bí ìgbà tí a bá ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́wọ́ kékeré fi ń sá fún iṣẹ́ wa, tí ìwé tí ó yẹ kí a fi ṣe eré sì ń jẹra nínú àpótí. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó jẹ́ pé ẹni náà nìkan ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé. Kí aṣesinimá náà sì gba ìwé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu: ìwé tí ó sọ iṣẹ́ tí a yọ̀ǹda, iye ọdún, àwọn ilẹ̀ tí eré náà lè dé, àti owó tí a san.

Mo ti bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́, ó sì ti fi ìwé àkọsílẹ̀ kan sí orí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ òǹkọ̀wé, akéwì tàbí olórin, kí ó kọ orúkọ ẹni náà síbẹ̀, ọdún tí ó kú, àti ẹni tí ń dúró fún ìdílé, kí ó tó lọ sí ilé ní alẹ́ yìí. Bí ìbéèrè bá wà, mo ti ṣetán láti gbọ́ ọ.